Ọdẹ́jìnmí àti Àpótí Ohùn Nínú Igbó Agbóhùnmì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ tán báyìí. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lórí ìdúró. Ìtàn àárẹ̀ ni, èmi tí mo sì fẹ́ sọ ọ́ náà, ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má wò mí báyìí o. Nígbà tí eegun mi ṣì le, mo ti fa ẹkùn nírùngbọ̀n rí, tí ẹkùn ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti tó yìí, ọmọdé ni mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́jìnmí, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ rò fún yín. Baba rẹ̀ ṣọdẹ, baba baba rẹ̀ ṣọdẹ, ajá ilé wọn gan-an kì í gbó lásán. Nígbà tó yá, ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn nínú igbó mọ́. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ àjà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mìíràn dé, èyí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kò lè gbà gbọ́ bí a bá jí wọn sọ ọ́ fún wọn. Àwọn èèyàn ń ti ìlú òkèèrè wá, wọ́n gbé awò alágbára tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn, wọ́n ń sanwó kí ọdẹ lè mú wọn wọgbó lọ wo ẹyẹ. Kí wọ́n wo ẹyẹ ni mo wí o. Wọn kò ní pa á, wọn kò ní sun ún, wọn kò ní fi ata sí i. Wọn á kàn wò ó, inú wọn á dùn, wọn á sì gbọ̀nà ilé lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín ń pa Ọdẹ́jìnmí. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín tán, ó ku àárẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú kí èèyàn máa sọ pé “Ẹ rọra, ẹ má fọhùn, ẹ wo apá òsì” láàárọ̀, kó tún máa sọ ọ́ nírọ̀lẹ́, lọ́dọọdún? Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ọdẹ́jìnmí kò tilẹ̀ rí ẹran pa mọ́. Ìṣẹ́ àti ìyà yẹn nìkan ló kù tó ń rò.

Ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀, Wúràọlá, pé òun kò ní mú àlejò kankan wọgbó mọ́. Ó ní abẹ́ igi ọsàn ni òun yóò jókòó sí, òun yóò sì máa wo adìẹ.

“Ṣebí ẹyẹ náà ladìẹ,” ni Wúràọlá wí. “Bàbá Gbádébọ̀, ẹ ò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.”

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí obìnrin àgbà kan fi yà wọlé. Màmá Ṣówándé ni wọ́n ń pè é, ará Abẹ́òkúta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti wo ẹyẹ káyé. Wọ́n wo ti Gánà, wọ́n wo ti Ùgáńdà, wọ́n dé Bràsíìlì, ẹ̀fọn ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọkọ lọ. Ọkọ náà ti di olóògbé báyìí. Màmá kí wọn tán, ó yọ àpótí kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹyẹ kan dún nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń kán tó, tó, tó, bí omi tó ń kán sínú àmù. Bó ti dákẹ́, ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé: “Fọlákẹ́, rọra. Ó ń bọ̀.”

“Ọkọ mi nìyẹn, èmi ló ń pè,” ni Màmá wí. “Agbọ́márìí ni ẹyẹ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ yẹn. Ẹ̀bá igbó yín níbí la ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. A dúró títí, kò yọjú. Ọkọ mi ní a máa padà wá, ikú ò jẹ́. Bàbá ọdẹ, mo fẹ́ rí i kí n tó kú. Àwòrán ọkọ mi pọ̀ nílé, aṣọ rẹ̀ kún àpótí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé àfi inú ẹ̀rọ yìí. Bí n kò bá gbọ́ ọ, n kì í lè sùn.”

Wúràọlá ṣẹ́jú sí ọkọ rẹ̀ pé kó kọ̀, nítorí ó mọ̀ pé inú Igbó Agbóhùnmì ni Agbọ́márìí ń gbé, igbó náà kì í sì í ṣe igbó eré. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ kọ̀. Ó ti lanu láti kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde ni, “Ẹ jẹ́ kí n wá bàtà mi.”

Ẹ jẹ́ kí n la àṣà kan yé yín. Ní ìlú wọn, ọdẹ tó bá fẹ́ mú àlejò wọ Igbó Agbóhùnmì gbọ́dọ̀ já ewé kan lẹ́nu ọ̀nà, kó yà á sí méjì, kó fún àlejò ní ìdajì, kó sì wí pé: “Èmi tí mo mú yín wọlé, èmi náà ni n ó mú yín jáde.” Bí àlejò kò bá jáde, ọdẹ kò gbọdọ̀ jáde. Òfin ìjọba ṣeé bẹ̀, èyí kò ṣeé bẹ̀. Ọdẹ kan dán an wò láyé àtijọ́. Ó fi àlejò sílẹ̀, ó délé, ó ń kí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó kò gbọ́. Ó pe ajá rẹ̀, ajá kò gbọ́. Ó kígbe orúkọ ara rẹ̀ yí ìlú ká títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọdẹ́jìnmí mọ èyí dáadáa nígbà tó ń ya ewé náà.

Ẹ má bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe rìn tó. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ wà lórí ìjókòó. Ìlú Ìjókòó ni. Bí wọ́n ti rí àwọn àlejò ni wọ́n pariwo ayọ̀: “Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú àárẹ̀! Ẹ jókòó díẹ̀!” Àga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ òwú sí, wọ́n gbé àpótí ìtìsẹ̀ síwájú rẹ̀, òrí tí a fi ń ra orúnkún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú awo. Ọdẹ́jìnmí wo àga yìí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

“Láti ìgbà wo lẹ̀yin ti jókòó, bàbá?” ni ó bi baálẹ̀ wọn.

“Mo ní kí n kàn fẹ̀yìn tì díẹ̀ ni,” ni baálẹ̀ wí. Olú ti hù sí i létí méjèèjì, gbòǹgbò sì ti ti ìdí rẹ̀ gba inú àga wọlẹ̀ lọ.

Ọdẹ́jìnmí rí gbòǹgbò o. Ó rí olú. Síbẹ̀ ó ń sọ ìdí kalẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn, ẹ jẹ́ kí orúnkún tiyín kọ́kọ́ gbó ná. Ó ku díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ kan òwú ni Màmá fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn.

“Bàbá ọdẹ, ẹ dìde!”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kàn...”

“Ẹ ò ní kàn nǹkan kan. Mo kọ́ ọmọ ní kíláàsì títí irun mi fi funfun, mo mọ ẹni tó fẹ́ sùn bí mo bá rí i. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa mú mi jáde. Ẹ dìde kíá!”

Ó dìde. Títí dòní, ó ń sọ pé òun ti bá iwin olórí mẹ́ta jà, òun ti jìjàkadì pẹ̀lú egbére lórí omi, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó le bí àga yẹn. Wọ́n jáde kúrò nílùú náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń juwọ́ sí wọn, wọ́n ní ẹ máa padà bọ̀ o, a ò ní kúrò níbí.

Wọn kò tíì rìn jìnnà púpọ̀ tí Ọdẹ́jìnmí fi gbọ́ ohùn kan lókè pé: “Ẹ rọra, ẹ má fọhùn. Ẹ wo apá òsì, lábẹ́ ìrókò yẹn. Méjì ni wọ́n, akọ kan, abo kan.”

Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ wo apá òsì! Ó rò pé ẹnì kan ló ń fi ẹyẹ hàn án. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí àwọn ẹ̀gà tò lórí ẹ̀ka, oníkálukú gbé èèpo èso kan tó ń dán sójú bí awò, Àgbìgbò olórí ńlá sì wà níwájú wọn, ó ń fi ìyẹ́ júwe. Ẹ gbọ́ mi yé o. Àwọn ẹyẹ ni wọ́n wá wo èèyàn.

“Akọ yẹn ti gbó gan-an,” ni ẹ̀gà kan wí. “Ẹ wo bó ṣe ń tiro.”

“Ṣé wọn ò ní kọrin fún wa?” ni èkejì bèèrè.

“Bí wọ́n bá yó ni wọ́n ń kọrin,” ni Àgbìgbò dáhùn, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti dáhùn ìbéèrè yẹn títí ó fi sú u.

Nígbà tí àwọn ẹ̀gà fò lọ jẹun, Àgbìgbò sọ̀kalẹ̀, ó kí Ọdẹ́jìnmí bí oníṣẹ́ ṣe ń kí oníṣẹ́. “Ẹ kú iṣẹ́,” ni ó wí. “Ó rẹ ẹ̀yin náà, àbí?”

“Ó rẹ̀ mí dé mùdùnmúdùn,” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

“Ọrùn ló ń dùn mí ní tèmi. Àná, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọmọ èèyàn jòjòló. Mo kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé yín, a dúró títí, ìyá ọmọ kò gbé e jáde. Wọ́n ní mo tan àwọn jẹ. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọ̀rúndún tó kọjá, èèyàn pọ̀ jù báyìí lọ.”

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá igi mú. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, nítorí kò sóhun tó tu èèyàn lára tó kó rí ẹlòmíràn tí irú ìyà rẹ̀ ń jẹ. Àgbìgbò wá fi ojú kan wò wọ́n, ó ní: “Ẹ̀bùn tí mo fẹ́ fún yín rèé. Kí ló wà tí èèyàn ń ná láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí kì í tán, tó sì jẹ́ pé bó bá kú, ọmọ rẹ̀ kò lè jogún rẹ̀?”

“Ohùn ni,” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

“Ẹ káre. Nínú igbó yìí, ẹ fi ohùn tiyín pe ẹni tó bá wù yín. Ẹ má fi ohùn ẹlòmíràn pe ẹnikẹ́ni o.” Ó fò lọ bá àwọn àlejò rẹ̀, ó ń gbin bó ṣe ń lọ.

Màmá gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, Ọdẹ́jìnmí náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn awòyẹ ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn. Bí ẹyẹ kò bá yọjú, wọn a jẹ́ kí ẹ̀rọ dún ohùn irú ẹyẹ náà, ẹyẹ a sì jáde wá wo ẹni tó ń pe òun. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, Ọdẹ́jìnmí sì ti bá wọn gbé ẹ̀rọ dání láìmọye ìgbà. Nítorí náà nígbà tí wọ́n dé pápá kékeré kan láàárín igbó, tí wọ́n dúró, dúró, tí Agbọ́márìí kò yọ, Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

“Ohùn tirẹ̀ náà ni mo fẹ́ fi pè é,” ni ó wí. “Kì í ṣe ohùn ẹlòmíràn.”

Ọdẹ́jìnmí rò ó, kò rí àbùkù níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ pè é, Màmá, ká lè tètè lọ sílé.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Tó, tó, tó. Kò tíì dún tán tí ẹyẹ kékeré kan já bọ́ láti òkè, àyà rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, ìrù rẹ̀ dúdú. Kò bà sórí ẹ̀ka. Orí àpótí náà gan-an ló bà sí, ó na ìyẹ́ méjèèjì, ó dì mọ́ ọn.

“Màámi?” ni ó wí. “Màámi, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Níbo lẹ lọ láti ọjọ́ yìí?”

Awò bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ: “Fọlákẹ́, rọra. Ó ń bọ̀.”

Ẹyẹ náà gbé etí lé àpótí. “Ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn, Màámi?”

Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, ojú ọ̀run ti ṣú fún ìyẹ́. Àwọn àwòdì bà wọ́n léjìká, wọ́n kó wọn lọ síwájú Ọ̀kín, ọba ẹyẹ. Gbogbo ẹyẹ tó wà nínú igbó pé síbẹ̀.

“Obìnrin,” ni Ọ̀kín wí, “ìyá ọmọ yìí ti kú. Inú ìtẹ́ ni ọmọ wà nígbà tí ìyá lọ. Kí ló dé tí o fi ohùn òkú pe ọmọ òrukàn?”

“Kábíyèsí, n kò mọ̀. Mo kàn fẹ́ rí i ni.”

“O ti rí i. Ǹjẹ́ ó dùn bí o ṣe rò ó?”

Màmá fọwọ́ bo àpótí náà.

Ọ̀kín dájọ́. Ó ní kí Màmá ṣí àpótí náà, kí gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ, nítorí ohùn òkú tí a há mọ́ ibì kan kì í sinmi, kì í sì í jẹ́ kí alààyè sinmi. Bí kò bá ní ṣí i, kó dúró nínú igbó yìí pẹ̀lú rẹ̀, kó má jáde mọ́ láé.

Màmá kúnlẹ̀. “Ẹ gba ti àwọn ẹyẹ, Kábíyèsí. Gbogbo wọn pátá, ti Gánà, ti Bràsíìlì, ẹ gbà wọ́n. Ẹ fi ohùn ọkùnrin yẹn sílẹ̀ fún mi. Gbólóhùn kan péré ni.”

“Ẹnu kan ni akèrègbè ní,” ni Ọ̀kín wí. “Bí a bá dà á, gbogbo rẹ̀ ní í dà.”

“Ó dáa. Mo dúró.” Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé àpótí lé àyà.

Ọdẹ́jìnmí bọ́ síwájú. Ó fẹ́ fi agbára ọdẹ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ara rẹ̀ kí ọba ẹyẹ lè mọ irú ẹni tó wà níwájú òun, ó dé àárín rẹ̀, ó gbàgbé ìyókù. Ó rẹ̀ ẹ́ jù. Ó yíjú sí Màmá.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́. Mo ti ṣèlérí. Bí ẹ bá dúró, mo dúró nìyẹn. Ìyàwó mi ń retí mi.”

“Ẹ máa lọ, bàbá ọdẹ. Mo dá yín sílẹ̀.”

“Kò sí bẹ́ẹ̀.” Ọdẹ́jìnmí jókòó tì í, ó na ẹsẹ̀. Kò bínú. Ó ronú kan Wúràọlá, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n kò dìde.

Bí wọ́n ti jókòó báyìí, Agbọ́márìí kékeré fò wá sí ẹsẹ̀ Màmá. “Ṣé ìyá yín náà ló wà nínú rẹ̀?” ni ó bèèrè.

“Ọkọ mi ni.”

“Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣé ó máa ń wá?”

Màmá wò ó. “Rárá,” ni ó wí. “Kò wá rí.”

“Èmi ní tèmi, mo rò pé wọ́n ti dé ni. Mo fi kòkòrò tí mo ń jẹ sílẹ̀. Mo sáré.” Ẹyẹ náà fò sórí orúnkún rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Màmá Ṣówándé sunkún. Kì í ṣe ẹkún tí a ń fi aṣọ nù; ẹkún tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ ìsìnkú ni, gbogbo ẹyẹ sì dúró dè é títí ó fi sun ún tán. Ó wá ṣí àpótí. Àwọn ohùn tú jáde, apá kan sunkún, apá kan súfèé, òmíràn ń ké ní èdè ẹyẹ ìlú tí a kò mọ̀. Tó, tó, tó náà jáde, ó yí ọmọ rẹ̀ ká, ó sì gòkè lọ. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ọkùnrin yẹn. “Fọlákẹ́, rọra,” ni ó wí lókè orí wọn, lẹ́yìn náà lókè igi, ìyókù sì wọ inú afẹ́fẹ́, wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Wọ́n tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ń rìn bọ̀ wá sílé, oòrùn ti ń rọlẹ̀, Ọdẹ́jìnmí gbé báàgì Màmá mọ́ tirẹ̀. Màmá ń tẹ̀lé e títí wọ́n fi jáde sí ojú ọ̀nà oko. Níbẹ̀ ló ti dúró.

“Bàbá ọdẹ, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.”

“Mo gbọ́ ọ, Màmá.”

“Ẹ bá mi sọ ọ́.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Ohun tó sọ.”

Ojú ti Ọdẹ́jìnmí. “Màmá, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. N kò lè la orúkọ yín mọ́lẹ̀ báyẹn.”

“Ẹ là á mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ yín.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. “Fọlákẹ́,” ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́, “rọra. Ó ń bọ̀.”

Ohùn gbígbẹ ni, ohùn arúgbó ọdẹ tí tábà ti jẹ. Màmá mi orí.

“Kò jọ ọ́,” ni ó wí. “Kò jọ ọ́ rárá.”

Wọ́n tún rìn díẹ̀.

“Ẹ tún un sọ.”

Ó ti rẹ Ọdẹ́jìnmí débi pé ahọ́n wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un sọ. Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ bí Màmá ṣe ń bèèrè, títí wọ́n fi rí èéfín ilé Wúràọlá.